Ta Ló Ni Nọ́ńbà 42?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Nínú oṣù kẹrin, mo rí fídíò eré béèsìbọ́ọ̀lù kan láti Amẹ́ríkà lórí fóònù mi. Nọ́ńbà 42 ló wà lẹ́yìn gbogbo wọn pátá, ẹgbẹ́ méjèèjì! Bí regbérégbé tó dá aṣọ kan náà lọ́jọ́ Ojúde Ọba ni wọ́n rí lójú mi. Ta ló ni 42 yìí, kí ló sì ṣe? (Ọ̀dọ́ olùkàwé kan, Ìpẹru-Rẹ́mọ)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, Jackie Robinson, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú, ló ni ín. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ni wọ́n ya fídíò yẹn, torí ọjọ́ náà ni gbogbo agbábọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá Amẹ́ríkà máa ń wọ nọ́ńbà rẹ̀, tàwọn ti kóòṣì wọn. Ọjọ́ yẹn ní 1947 ni Robinson wọ aṣọ ẹgbẹ́ Dodgers bọ́ sórí pápá Ebbets Field ní Brooklyn, lójú èèyàn 26,623. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí aláwọ̀ dúdú kankan ti gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá kẹ́yìn. Kò sí ìwé òfin tó sọ pé kí wọ́n má gbá a. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ló jọ gbà á láàárín ara wọn, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn pa.

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí níléèwé girama nílùú Ìjẹ̀bú-Òde títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìtàn ọkùnrin yìí ni mo máa ń sọ fún ọmọ tó bá fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ́ dáhùn èébú lórí pápá. Kì í sì í ṣe pé Robinson jẹ́ ẹni tí ìjà ń bà lẹ́rù. Ní 1944, nígbà tó jẹ́ ọ̀gágun kékeré nínú ológun, awakọ̀ kan ní Texas ní kó lọ jókòó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó ní òun ò lọ. Wọ́n gbé e dé kóòtù ológun, wọ́n sì dá a láre. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Branch Rickey, ọ̀gá Dodgers, pè sí ọ́fíìsì rẹ̀ nínú oṣù kẹjọ 1945. Rickey fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bú u níbẹ̀, oríṣiríṣi èébú tó máa pàdé níta, láti mọ bó ṣe máa ṣe é. Ó ní ẹni tó láyà tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní jà padà ni òun ń wá. Robinson gbà.

Jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ 22 oṣù kẹrin 1947 fún ọ. Ẹgbẹ́ Philadelphia wá sí Brooklyn. Ben Chapman, kóòṣì wọn, àtàwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bú Robinson láti ibi tí wọ́n jókòó sí. Gbogbo ìgbà tó bá ti gbé igi láti gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń bú àwọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń bú ìran rẹ̀. Robinson sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé díẹ̀ ló kù kí òun ju igi sílẹ̀, kí òun lọ fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ ọ̀kan nínú wọn léyín. Kò lọ. Nígbà tó di abala kẹjọ, òdo sí òdo ni wọ́n ṣì wà. Robinson gbá bọ́ọ̀lù, ó sáré dé béèsì kìíní (béèsì mẹ́rin ni èèyàn máa sáré yí ká kó tó jẹ ayò). Ó jí béèsì kejì, ìyẹn ni pé ó sá lọ síbẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ṣì ń jù ú fún ẹlòmíì. Wọ́n fẹ́ fi bọ́ọ̀lù dá a dúró, wọ́n jù ú ṣìnà, ló bá kúkú gba ibẹ̀ dé béèsì kẹta. Gene Hermanski wá gbá bọ́ọ̀lù tiẹ̀, Robinson sì sáré dé béèsì tó kẹ́yìn. Ayò kan sí òdo ni eré náà parí sí, òun ló sì jẹ ayò ọ̀hún.

Nígbà tí èébú náà ò dáwọ́ dúró láàárín ọjọ́ tí wọ́n fi ń bára wọn gbá a, Eddie Stanky, aláwọ̀ funfun tí wọ́n jọ wà nínú Dodgers, pariwo mọ́ àwọn ará Philadelphia pé ojo ni wọ́n, kí wọ́n lọ bú ẹni tó lè fèsì. Ibí yìí gan-an ni mo máa ń dúró sí tí mo bá ń sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ. Robinson ò bẹ̀ ẹ́ pé kó gbèjà òun o.

Oyè tó gbà pọ̀: agbábọ́ọ̀lù tuntun tó dára jù ní 1947, agbábọ́ọ̀lù tó wúlò jù nínú líìgì wọn ní 1949, ife-ẹ̀yẹ World Series ní 1955. Ní 1997 ni wọ́n gbé 42 kúrò nílẹ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́, pé kí wọ́n má fún ẹni tuntun kankan mọ́. Àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nìkan ni wọ́n ní kó máa wọ̀ ọ́ lọ, Mariano Rivera ti Yankees ló sì gbẹ̀yìn wọn, ní 2013.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 1972. Wọ́n pè é síwájú èrò ní Cincinnati kí wọ́n lè yẹ́ ẹ sí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn, àtọ̀gbẹ ti bá a jà gan-an. Ó dúpẹ́, ó wá ní inú òun máa dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí òun bá rí aláwọ̀ dúdú tó ń darí ẹgbẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ló kú, ọmọ ọdún 53. Ní 1975 ni Frank Robinson, aláwọ̀ dúdú bíi tiẹ̀ àmọ́ tí wọn ò bára tan, di kóòṣì àgbà ní Cleveland.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí. Ọ̀rẹ́ mi ní Babe Ruth lọ̀gá nínú gbígbá bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà, èmi ní Hank Aaron ni. (Oníṣòwò kan, Òdògbolu)

ÌDÁHÙN: Tó bá jẹ́ ti òǹkà, Barry Bonds ló wà lókè báyìí pẹ̀lú 762, àmọ́ àríyànjiyàn oògùn agbára ò jẹ́ kí gbogbo èèyàn gbà fún un. Aaron gbá 755, Ruth gbá 714. Tiyín ni mo ṣe. Ruth ò fìgbà kankan kojú ajubọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú nínú líìgì tó ti gbá 714 yẹn. Satchel Paige wà láyé, ó ń jù ú kíkankíkan, wọn ò jẹ́ kó wọlé. Ó di ẹni ọdún 42 ní 1948 kí Cleveland tó gbà á.

Ẹ sì wo ohun tí Aaron kojú. Bí òun tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ṣe ń sún mọ́ 714 ti Ruth aláwọ̀ funfun, lẹ́tà ń dà wọlé fún un, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ pé àwọn máa pa á. Ó di pé ẹ̀ṣọ́ ń tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin 1974, ní Atlanta, ó gbá bọ́ọ̀lù tí Al Downing jù sí i kọjá ọgbà, ó pé 715. Bó ṣe ń sáré yí béèsì ká, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì já wọ pápá, wọ́n ń gbá a léjìká láti bá a yọ̀. Nígbà tó dé béèsì tó kẹ́yìn, ìyá rẹ̀ dì mọ́ ọn gbágbáágbá. Aaron kó àwọn lẹ́tà yẹn pa mọ́, kò sun wọ́n.

Ẹni tó ń dùn mí jù ni Josh Gibson, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú tí wọn ò gbà wọlé rí. Ó kú ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 1947, ọmọ ọdún 35, kò ju oṣù mẹ́ta lọ kí Robinson tó wọlé. Ní 2024 ni líìgì ńlá tó ka eré tí wọ́n gbá nínú líìgì àwọn aláwọ̀ dúdú mọ́ tiwọn, orúkọ Gibson ló sì bọ́ sókè nínú àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ, pẹ̀lú .372 (ìyẹn ni pé nínú ẹgbẹ̀rún ìgbà tó bá gbé igi, bí 372 ló máa ń gbá dé béèsì), lórí Ty Cobb tó wà lókè tẹ́lẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o, sà. Ọmọ mi ò jẹ́ kí n sinmi lórí eré yìí. Ṣé ọmọ Áfíríkà kankan ti dé líìgì ńlá rí? (Ìyá kan, Ṣàgámù)

ÌDÁHÙN: Ó ti dé ibẹ̀, màmá. Gift Ngoepe, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù kan ní Randburg, inú ilé ẹgbẹ́ náà ni wọ́n sì ń gbé, tó bá ti jáde síta báyìí, pápá ló kàn. Pittsburgh Pirates gbà á ní 2008, ó lo ọdún tó lé ní mẹ́jọ ní àwọn líìgì kéékèèké. Ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 2017 ni wọ́n pè é sókè, wọ́n ń bá Chicago Cubs gbá a. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé igi, tí Jon Lester jù ú sí i, ó gbá a, ó sì dé béèsì kìíní. Ìyá rẹ̀ ti kú ní 2013. Ọmọ ilẹ̀ wọn kan náà, Tayler Scott, ló tẹ̀ lé e ní 2019, ajubọ́ọ̀lù ni tòun.