Àrọ̀kúrò kì í ṣe òjò tó ti kúrò

Àbúrò tó béèrè ìtumọ̀ "àrọ̀kúrò", o ṣeun tí o kò kàn gbé ohun tí o gbọ́ mì. O ní atọ́kùn ètò kan lórí rédíò sọ pé àrọ̀kúrò ni òjò tó kẹ́yìn kí "August break" (ìgbà tí òjò máa ń dá díẹ̀ ní oṣù kẹjọ) tó dé, pé lẹ́yìn rẹ̀ òjò ti rọ̀, ó ti kúrò, kí kálukú ká tápólì rẹ̀. O ní ẹ̀gbọ́n màmá rẹ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà ti gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, wọ́n sì ti sún pípààrọ̀ páànù òrùlé wọn sí oṣù kẹwàá. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ Màmá kí wọ́n má dúró dìgbà yẹn.

Ká tú ọ̀rọ̀ náà ná. Àkọ́rọ̀ ni ìkejì rẹ̀, a kì í sọ ọ̀kan láìmọ èkejì. "Kọ́" tó wà nínú àkọ́bí ló wà nínú àkọ́rọ̀: òjò tó kọ́kọ́ rọ̀, èyí tó máa ń dé ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, tí òórùn erùpẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò kan. Àrọ̀kúrò ni òjò tó ń rọ̀ bó ṣe ń kúrò. Ó ń lọ ni, kò tíì lọ. Ó dà bí àlejò tó ti dìde, tó ti dágbére, tó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà tó tún fi wákàtí kan sọ̀rọ̀.

Àwọn kan ń sọ pé "àrọ̀kù" ló wà níbẹ̀, bíi àjẹkù, pé ìyókù òjò ni. Etí wọn ni kò gbọ́ ohùn. "Kù" inú àjẹkù, ohùn ìsàlẹ̀ ni. "Kú" inú àrọ̀kúrò, ohùn òkè ni, nítorí "kúrò" odindi ló wà níbẹ̀. Bí a ṣe ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i yìí ló bí irú àlàyé bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí tí mo gbójú lé jù pé àrọ̀kúrò ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù kẹjọ ni orúkọ oṣù. Oṣù kẹwàá là ń pè ní Ọ̀wàrà. Kí ni ọ̀wààrà òjò? Òjò tó ń dà bí ìgbà tí wọ́n da omi garawa láti òkè. Lójú tèmi, orúkọ kan náà ni, ẹni tó bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ kó sọ ohun tí Ọ̀wàrà tún túmọ̀ sí. Ẹ sì wò ó: àwọn tó sọ oṣù lórúkọ kò fún oṣù kẹfà ní orúkọ yìí, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni òjò ń pọ̀ jù ní Èkó. Ìdí ni pé òjò oṣù kẹfà, òjò àrọ̀ìdá ni, ó lè rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kó tún jí bá ọ. Ti oṣù kẹwàá kò ní sùúrù. Á ṣú, á sán àrá, á dà wààrà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á dá, oòrùn á sì yọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà gbọ́ ìró rẹ̀, wọ́n fi sọ oṣù. Nínú àkọsílẹ̀ òjò Èkó látijọ́, oṣù kẹfà ń gba bíi 460 mílímítà, oṣù kẹjọ bíi 64 péré, oṣù kẹsàn-án bíi 140, oṣù kẹwàá bíi 206. Ìlọ́po mẹ́ta oṣù kẹjọ ló ń bọ̀ ní Ọ̀wàrà, ẹnì kan wá ní òjò ti tán!

Mo fura sí ibi tí atọ́kùn yẹn ti gbé e. Inú Bíbélì nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ti ń rí àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò báyìí, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ìjọ ni. Ní Ísírẹ́lì, nǹkan bí oṣù kẹwàá ni àkọ́rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀, oṣù kẹta sí ìkẹrin ni àrọ̀kúrò. Tiwa yí padà pátápátá. Ẹni tó bá gbé kàlẹ́ńdà ibòmíì ka òjò Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹni òjò rí ni òjò ń pa.

Kí ló wá ń dá òjò dúró ní oṣù kẹjọ? Kì í ṣe pé omi kò sí lójú ọ̀run. Ibi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń pàdé afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ ti gòkè kọjá Kánò lọ sí orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r lásìkò yẹn, òjò ńlá sì tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tí òjò Kánò fi ń pọ̀ jù ní oṣù kẹjọ tí tiwa dín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láti oṣù keje dé ìkẹsàn-án, omi tútù ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun létí Gánà àti Côte d'Ivoire. Afẹ́fẹ́ tó gba orí rẹ̀ kọjá tutù, kò sì lè gòkè di ìkúùkù àrá. Ìkòkò tó kún fómi ni, kò síná nídìí ẹ̀. Ohun tí a ń rí ni wínníwínní.

Nítorí náà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí, tó so oṣù kẹjọ mọ́ ìkẹsàn-án, bó ṣe máa ń rí nìyí. Àárọ̀ á ṣú eérú, wínníwínní díẹ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Yábàá, oòrùn á yọjú lọ́sàn-án, ooru ò ní ju bíi 28°C lọ. Aṣọ ò ní tètè gbẹ: fún un dáadáa, fi àyè sáàárín, sá a síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, má ká a ní tútù, á rùn. Má sì tìtorí pé òjò dákẹ́ lọ ṣeré létí òkun, ìgbì kì í sinmi. Oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni òkun ya wọ etíkun Kuramo lóru, tó gbé èèyàn lọ.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé àrọ̀kúrò ti dé? Wo èéfín àwọn tó ń yan ẹja ní Makoko. Ní oṣù kẹjọ, afẹ́fẹ́ òkun ń tì í síhà ọ̀sà, ó ń gba orí Third Mainland Bridge kọjá. Lọ́jọ́ tí àrọ̀kúrò bá ń bọ̀, ọ̀sán á mú, ooru á dè ọ́ mọ́lẹ̀, ìhà Ìkòròdú á dúdú. Èéfín á kọ́kọ́ dúró ṣánṣán bí òpó. Lẹ́yìn náà á wólẹ̀, á ṣẹ́rí padà sórí ilé, síhà Èbúté Mẹ́ta, atẹ́gùn tútù á sì gbá ọ lójú. Láti ìgbà yẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù. Ìlà oòrùn ni ìjì yìí ti ń wá, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀.

Àwọn tó ń dáko ní Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì, láàárín oṣù kẹjọ sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹsàn-án ni kí ẹ gbin àgbàdo àrọ̀kúrò. Bó bá pẹ́ jù, ìgbà tó ń tú ìrùkẹ̀rẹ̀ lòjò máa dá. Ẹ̀yin Mile 12, Àgbòyí àti Ajégúnlẹ̀ Ìkòròdú, omi yín kì í ṣe ti òjò orí yín nìkan. Odò Ògùn ló ń gbé ti òkè wá, nígbà míì tí wọ́n bá sì tú omi ìdídò (dam) Ọ̀yán sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ẹ lè rí oòrùn lókè kí omi wà ní orúnkún.

Ó ku Màmá Ìdúmọ̀tà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí wọ́n pe káfíńtà, kì í ṣe oṣù kẹwàá. Kí wọ́n má ṣí gbogbo òrùlé lẹ́ẹ̀kan, apá tí wọ́n bá lè bò tán kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí wọ́n ṣí. Kí káfíńtà bẹ̀rẹ̀ láti ìhà ìwọ̀ oòrùn, kí páànù tó kàn máa gun èyí tó wà nílẹ̀ lọ síhà ìlà oòrùn, kí ìjì má bàa rí ẹnu ibi tí wọ́n ti pàdé wọlé. Kí wọ́n gun ara wọn ní ìgbì páànù kan ààbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, sẹ̀ǹtímítà 15 lórí àti nídìí. Orí ibi tó wú ni kí ó kan ìṣó sí, pẹ̀lú rọ́bà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá kàn sí kòtò páànù, ojú ibẹ̀ gan-an ni Ọ̀wàrà máa gbà jò sórí ọjà.