Èsì: Ṣé oníṣòwò lè ṣe aṣòfin ìpínlẹ̀ bó ti yẹ?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá oníṣòwò tó dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ ìlú láìfi ọjà tirẹ̀ ṣáájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo Jimmy Carter, ẹni tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí ààrẹ Amẹ́ríkà nìkan. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1953, ó fi iṣẹ́ ológun ojú omi sílẹ̀, ó padà sí Plains ní Georgia, ó sì gba òwò ẹ̀pà ìdílé wọn mú.

Ní 1962 ó díje fún ipò sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Georgia. Ní Georgetown, ìlú kékeré kan ní Georgia, ènìyàn 333 ló dìbò, ṣùgbọ́n ìwé ìdìbò 420 ni wọ́n bá nínú àpótí, orúkọ àwọn òkú sì wà lára àwọn tí wọ́n ní ó dìbò! Wọ́n ní Carter fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n kò gbà. Ó pe ẹjọ́, ó sì wọlé, ó wà níbẹ̀ láti 1963 títí di 1967. Ohun tí mo bọlá fún jù ni pé ó ṣèlérí láti ka gbogbo àbádòfin kí ó tó dìbò lé e lórí, ó sì mú ìlérí náà ṣẹ. Lójú tèmi, ẹni tó ti ń ṣírò owó ẹ̀pà àti gbèsè àwọn àgbẹ̀ kì í fọwọ́ sí ohun tí kò kà.

Nígbà tó di ààrẹ, ó fa òwò náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Gbèsè ló bá nídìí rẹ̀ ní 1981, ó sì tà á.