Ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀rín ń bá ìwà wí?

Ẹnìkan béèrè pé: "Mo gbọ́ pé àwọn Faransé ní òwe kan pé ẹ̀rín ló ń bá ìwà wí, àti pé Bergson fi ìwé gbè é lẹ́yìn. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Èdè Látìn ni òwe náà, castigat ridendo mores, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn eléré àwàdà ilẹ̀ Faransé ló ti gbilẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹni tí ìwàásù kò ràn, bí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú agbo, ojú á tì í, á tún ìwà ṣe. Ẹni tó bá ti gbọ́ orin ẹ̀fẹ̀ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu rí ti mọ bó ṣe ń rí.

Ìlú Paris ni wọ́n bí Henri Bergson sí ní 1859. Olùkọ́ fìlọ́sọ́fì ni, ó sì tún ń wádìí bí iyè àti ọkàn èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1884 ló ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rín fún àwọn ará Clermont-Ferrand, ìlú kan ní ilẹ̀ Faransé. Ní 1900 ló di ìwé, Le Rire, ìyẹn Ẹ̀rín. Èrò rẹ̀ ni pé ohun abẹ̀mí yẹ kó máa yí bí ayé bá ṣe ń yí. Ìgbà tí èèyàn bá ń ṣe bí ẹ̀rọ là ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ń sáré bọ̀ ní títì, ó kọsẹ̀, ó ṣubú, àwọn tó ń kọjá bú sẹ́rìn-ín. Ká ní ó mọ̀ọ́mọ̀ jókòó sílẹ̀ ni, kò sẹ́ni tí ì bá rẹ́rìn-ín.

Nínú àwọn àpẹẹrẹ Bergson, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọkọ̀ òkun rì nítòsí Dieppe ní etíkun ilẹ̀ Faransé, èrò díẹ̀ rọ́nà bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù fìgboyà lọ gbà wọ́n là, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sì jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Ṣé ẹ ò rẹ́rù kankan tó yẹ kẹ́ ẹ san owó ibodè lé lórí?"

Ó tún mú eré Tartuffe tí Molière, òǹkọ̀wé eré àwàdà ilẹ̀ Faransé, kọ. Alágàbàgebè ni Tartuffe, tó ń ṣe bí olùfọkànsìn nílé Orgon tó gbà á sílé. Orgon ti ìrìnàjò dé, ọmọ ọ̀dọ̀ ní ibà ń ṣe ìyàwó rẹ̀, orí ń fọ́ ọ. Orgon ní, "Tartuffe ńkọ́?" Ọmọ ọ̀dọ̀ ní ara Tartuffe le koko, ó sanra, ẹnu rẹ̀ pọ́n. Orgon ní, "Áà, ó mà ṣe o!" Ìyàwó ò lè fi nǹkan kan ẹnu lálẹ́. "Tartuffe ńkọ́?" Ó jẹ àparò méjì àti ìdajì itan àgùntàn. "Ó mà ṣe o!" Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sọ ọ́, bí ìgbà tí pàkúté bá ń ré.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ sófin, ọlọ́pàá ò lè mú un. Ẹ̀rín ni àwùjọ fi ń lù ú kó lè lajú sílẹ̀. Bergson ní ẹ̀rín yìí fẹ́ agbo: wọ́n bi ọkùnrin kan pé kí ló dé tí kò sunkún níbi ìwàásù tó pa gbogbo ìjọ lẹ́kún, ó ní òun kì í ṣe ọmọ ìjọ ibẹ̀. Ó tún ní àánú gbọ́dọ̀ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀rín tó jáde. Ibẹ̀ ni mi ò ti bá a lọ tán. Àwọn àgbà wa ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ẹ̀rín ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ wà, ìwé rẹ̀ kò sì yà síbẹ̀.

Nínú ìwé kan náà ló ti béèrè ìdí tí wọ́n fi ń fi ènìyàn dúdú rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnìkan tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin ló bá òun dáhùn rẹ̀ lójú pópó, nígbà tó pe oníbàárà dúdú tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ní ẹni tí kò wẹ̀ mọ́. Àlàyé Bergson ni pé, lójú inú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ojú dúdú dà bí èyí tí wọ́n fi íǹkì tàbí èédú kùn. Ìwà wo ni ẹ̀rín yẹn wá bá wí? Ọkùnrin náà kò kọsẹ̀, kò tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ kan bíi ti Orgon. Ọkọ̀ ló wọ̀. Nígbà tí ìwé ń parí lọ, Bergson gbà pé ẹ̀rín kì í fìgbà gbogbo ṣe ẹ̀tọ́, pé ó máa ń lu aláìṣẹ̀, á sì fi ẹlẹ́ṣẹ̀ sílẹ̀. Kò ka èrò ọkọ̀ yẹn mọ́ àwọn aláìṣẹ̀ náà.