Ìbúra àti Ìjẹ́jẹ̀ẹ́ ní Ilé Ẹjọ́ Ológun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ìwé ìpè dé bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́bàá bárékè, pé kí n wá jẹ́rìí nínú ẹjọ́ sójà kan tí wọ́n ní ó ta epo ìjọba fún ará ìta. Ìjọ tí mò ń lọ kò gbà kí a búra rárá, nítorí ohun tí Jésù sọ nínú ìwé Mátíù orí 5. Bí mo bá kọ̀ láti gbé Bíbélì, ṣé wọn kò ní sọ pé irọ́ ni mo fẹ́ pa? Àwọn ọ̀gá ológun tí yóò dá ẹjọ́ náà ńkọ́, ṣé àwọn náà ń búra? – Ìyá oníṣòwò kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 205, sọ pé ẹ̀rí tí ènìyàn bá fẹnu jẹ́ gbọ́dọ̀ wáyé lábẹ́ ìbúra tàbí lábẹ́ ìjẹ́jẹ̀ẹ́ (ìlérí láti sọ òtítọ́ láìgbé Bíbélì, Kùránì tàbí irin), òfin yìí sì kan ilé ẹjọ́ ológun pẹ̀lú, àfi èyí tí wọ́n bá gbé kalẹ̀ ní ojú ogun. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ìbúra, àti ẹni tí kò ṣe ẹ̀sìn kankan, ni ìjẹ́jẹ̀ẹ́ wà fún.

Bí wọ́n bá pe ẹlẹ́rìí, Kristẹni a gbé Bíbélì, Mùsùlùmí a gbé Kùránì, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ a sì fi irin búra. Ẹ̀yin kò ní fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. Ẹ ó dìde dúró, ẹ ó sì fi ẹnu ara yín jẹ́jẹ̀ẹ́ tọkàntọkàn pé òtítọ́ ni ẹ fẹ́ sọ, pé ẹ kò ní fi ohunkóhun pamọ́ nínú rẹ̀, ẹ kò sì ní fi irọ́ lú u.

Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ẹni tó kọ̀ láti gbé Bíbélì ní kóòtù ní ohun tó ń fi pamọ́. Òfin kò rò bẹ́ẹ̀. Abala 117 nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn sọ gbangba pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó parọ́ lẹ́yìn ìbúra àti ẹni tó parọ́ lẹ́yìn ohun mìíràn tí òfin fọwọ́ sí dípò ìbúra, ìjìyà tó sì wà ní abala 118 lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Ohun tó de ẹni tó búra ló de ẹ̀yin náà, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ojú ẹlẹ́rìí yẹpẹrẹ wò yín.

Ní ti àwọn ọ̀gá ológun, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń búra, àwọn náà sì lè jẹ́jẹ̀ẹ́. Ilé ẹjọ́ ológun àgbà a máa ní ààrẹ kan àti ó kéré tán ọmọ ìgbìmọ̀ 4. Kí wọ́n tó búra, wọ́n gbọ́dọ̀ ka orúkọ wọn sí etí olùjẹ́jọ́, kí wọ́n sì bi í bóyá ó ní ẹni tí kò fẹ́ nínú wọn àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n óò búra lójú rẹ̀ pé ẹ̀rí nìkan ni àwọn yóò fi dá ẹjọ́ náà láìṣe ojúsàájú, àti pé àwọn kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni bí ọmọ ìgbìmọ̀ kankan ṣe dìbò, àyàfi bí òfin bá béèrè rẹ̀. Apá ìkẹyìn yìí ni mo kà sí jù lọ. Nínú iṣẹ́ tí ọmọ abẹ́ kì í ti í gbó ọ̀gá lẹ́nu, báwo ni méjọ̀ kan yóò ṣe dìbò lòdì sí kọ́nẹ́ẹ̀lì bí ìbò náà yóò bá di ọ̀rọ̀ gbogbo bárékè lọ́jọ́ kejì? Bákan náà ni ti sójà tó bá wá jẹ́rìí: ọ̀gá rẹ̀ lè pàṣẹ fún un pé kó yọjú sí kóòtù, ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ ohun tí yóò sọ níbẹ̀.

Ẹ tètè sọ fún agbẹjọ́rò tó pè yín pé ìjẹ́jẹ̀ẹ́ ni ẹ fẹ́, kí ẹ sì sọ pé ẹ̀sìn yín ló fà á. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò bá sì yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ béèrè ògbufọ̀. Òun náà yóò búra tàbí kó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ẹ bá ṣe sọ ọ́ gan-an ni òun yóò ṣe túmọ̀ rẹ̀.