Ẹ má tíì fọwọ́ sí ètò ṣíìfù tó ń rìn sẹ́yìn

Ẹ béèrè pé kí ló dé tí oorun wákàtí 7 ní ojú ọ̀sán kì í fi tó yín lẹ́yìn iṣẹ́ òru, àti pé ṣé kí ẹ gba ètò tuntun tí àwọn ọ̀gá yín gbé wá, èyí tí yóò máa ti òru bọ́ sí ọ̀sán, kí ó sì ti ọ̀sán bọ́ sí àárọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ ṣíìfù ní yàrá tí a ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo sì fi ń dá yín lóhùn: ẹ má tíì fọwọ́ sí i.

Oorun ọ̀sán kì í ṣe ẹgbẹ́ oorun òru, bí wákàtí wọn tilẹ̀ dọ́gba. Aago kan wà nínú ọpọlọ tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ń darí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ara á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní melatonin jáde kí oorun lè kùn wá, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, yóò máa múra àtijí, àsìkò yẹn gan-an sì ni ẹ̀yin ń wá oorun. Kì í ṣe ọ̀lẹ, bí ọ̀gá mi kan ṣe máa ń sọ. Ìwádìí lórí aago yìí ló mú kí onímọ̀ mẹ́ta ní Amẹ́ríkà gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017. Láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún òru ni ara ń tutù jù, ìgbà náà ni oorun sì máa ń kunni jù. Mo máa ń ka nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ, kí n tó gbé bírò lé ìwé, nọ́ńbà náà á ti fò lọ, n ó sì tún padà lọ wò ó.

Ní ti ètò tuntun yẹn, aago inú ara ọ̀pọ̀ ènìyàn fi díẹ̀ gùn ju wákàtí 24 lọ, nítorí náà ó rọrùn fún ara láti pẹ́ sùn ju kí ó tètè sùn lọ. Ètò tó ti àárọ̀ bọ́ sí ọ̀sán, kí ó tó kan òru, bá ara mu. Tiyín ń ta kò ó. Mo ti ṣe méjèèjì. Nígbà tí tiwa ń rìn sẹ́yìn, a máa ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá alẹ́, wọn á sì ní kí a dé ní aago mẹ́fà àárọ̀. Bí a bá yọ ìrìn, ìwẹ̀ àti oúnjẹ kúrò, kí ló kù fún oorun? Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní kí òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 11 tó tẹ̀léra láàárín wákàtí 24, orí iye yẹn ni kí ẹ sì ti bá àwọn ọ̀gá yín dúnàá-dúrà, ibi yòówù kí ẹ wà.

Inú ló kọ́kọ́ dà mí láàmú, nítorí pé oúnjẹ òru kì í dà bọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìkanra dé, àwọn ará ilé ló sì ń jìyà rẹ̀. Àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka iṣẹ́ òru mọ́ ohun tó jọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ láti 2007. Èyí kò sọ pé gbogbo wa ni yóò ní in, ṣùgbọ́n ẹ béèrè àyẹ̀wò ìlera lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yín.

Ẹ fi aṣọ dúdú tó nípọn bo fèrèsé, ẹ má sì mu kọfí nígbà tí ṣíìfù bá ti kọjá ìdajì. Bí wọ́n bá kọ̀ láti yí ètò náà padà, ẹ ní kí wọ́n fi èyí tó ń rìn síwájú dán an wò fún oṣù mélòó kan pẹ̀lú àwọn tó bá fẹ́, kí wọ́n sì fi iye ìgbà tí àwọn wọ̀nyí pa iṣẹ́ jẹ nítorí àìsàn wé ti àwọn yòókù.