Ẹ Bi Ríwáyà: "Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló bàjẹ́"

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Ríwáyà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ ra motorhome àlòkù kan níbí ní Kent, Fiat Ducato 2009 ni, ó ní bẹ́ẹ̀dì, ó ní ibi ìdáná, àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Àmọ́ láti bí oṣù méjì ni sẹ́ńtà lọ́ọ̀kì ẹ̀ ti ń yọ wá lẹ́nu. Tí mo bá tẹ rímóòtù, nígbà míì ilẹ̀kùn èrò á tì, ti dírẹ́bà ò ní tì. Nígbà míì méjèèjì á tì, kí n tó yíjú padà gbogbo ẹ̀ ti ṣí. Iná inú ọkọ̀ kì í fẹ́ kú mọ́, gíláàsì dírẹ́bà náà, ìgbà tó bá wù ú ló ń sọ̀ kalẹ̀, tójò bá wá rọ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Mẹkáníìkì kan ní kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló bàjẹ́, owó tó pè ń dẹ́rù bà mí, bàbá àwọn ọmọ sì ti fẹ́ san án. Ilẹ̀kùn tá à ń gbà wọ ibi tá a ń sùn ńkọ́, ẹni tó tà á fún wa ní rímóòtù ló ń tì í tẹ́lẹ̀, kọ́kọ́rọ́ nìkan la fi ń tì í báyìí. Ṣé ká sanwó ni? — Ìyá Ìbejì, Kent

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ bá mi sọ fún bàbá wọn pé kí wọ́n dá owó wọn padà sápò ná. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè bàjẹ́, mi ò ní kì í bàjẹ́, àmọ́ òun ló yẹ kéèyàn fura sí kẹ́yìn, ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀ ò tíì ṣí nǹkan kan wò ni. Ẹ̀yin gan-an ti júwe ibi tí nǹkan wà fún mi láìmọ̀. Lọ́ọ̀kì dírẹ́bà ń ṣe ségesège, gíláàsì dírẹ́bà ń ṣe ségesège, iná inú ọkọ̀ rò pé ilẹ̀kùn kan ò tíì pa dé. Nǹkan mẹ́ta, ilẹ̀kùn kan, ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni wáyà gbogbo wọn ń gbà wọ inú ilẹ̀kùn yẹn.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà gbayawu, kẹ́ ẹ wo ẹ̀gbẹ́ hínjì, láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀. Ẹ ẹ́ rí rọ́bà dúdú kan tó ní oríkèé-oríkèé bí ekòló. Inú ẹ̀ ni wáyà wà. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ tún tì í, ẹ ti tẹ wáyà yẹn lọ, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ bọ̀, láti 2009 títí dòní, tòtútù tún ń mú kí ike ara ẹ̀ gan. Ṣẹ́ ẹ ti rí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ṣẹ́ wáyà hángà rí? Kì í fà á já, ńṣe ló máa ń tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn títí á fi kán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rọ́bà yín nìyẹn, ilẹ̀kùn dírẹ́bà ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe é torí òun là ń ṣí jù.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò rèé, kò gba irinṣẹ́ kankan. Ẹ tan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kí ẹnì kan jókòó sínú kó di bọ́tìnnì gíláàsì dírẹ́bà mú, kẹ́yin máa rọra ṣí ilẹ̀kùn náà díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa tì í padà díẹ̀díẹ̀. Tí gíláàsì bá ń rìn tó ń dúró, tó ń rìn tó ń dúró bẹ́ ẹ ṣe ń mi ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ ti parí, wáyà ti já.

Èyí tó ń tì tó tún ń ṣí padà yẹn, mo mọ̀ pé òun ló jẹ́ kí mẹkáníìkì yín máa sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Inú lọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan, mọ́tò kékeré kan wà tí iná 12 volt máa ń dé bá fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, tíná bá gba apá ibí wọlé á tì, tó bá gba apá kejì á ṣí. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni ṣíwíìṣì tín-ín-rín kan wà tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ilẹ̀kùn ti pa dé tàbí kò tíì pa dé. Tí wáyà ṣíwíìṣì yẹn bá já tàbí tómi kó sí i, kọ̀ǹpútà á gbọ́ pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, á yáa tú gbogbo ẹ̀ padà. Kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa jàre, irọ́ ni wọ́n ń pa fún un.

Ẹ kọ́kọ́ tú orí négétíìfù bátìrì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kẹ́ ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá pàdé wáyà tó wà nínú páìpù aláwọ̀ ìyeyè níbikíbi, ti airbag nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ wá yọ ẹnu rọ́bà náà kúrò lára ọkọ̀, ẹ sún un sẹ́yìn. Ẹ má fojú lásán wò ó o, torí kọ́pà inú lè ti já kí ike ẹ̀yìn ẹ̀ ṣì máa dán. Ẹ mú wáyà ní ìkọ̀ọ̀kan, ẹ fà á jẹ́jẹ́, èyí tó bá ń nà bíi rọ́bà ti já nínú nìyẹn. Ilẹ̀kùn kan wà tí mo ṣí rí, wáyà kan péré ló hàn pé ó já, ìgbà tí mo fà wọ́n ni mo tó rí i pé mẹ́rin ni. Tẹ́ ẹ bá rí kọ́pà tó ti ní àwọ̀ ewé, tó ń bu lọ́wọ́, òjò ló ṣe é.

Àtúnṣe ẹ̀ kọ́ ni kẹ́ ẹ lọ́ ọ pọ̀ kẹ́ ẹ fi téèpù wé e, ìyẹn ò ní pẹ́ já padà. Ẹ gé ibi tó ti rẹ̀ kúrò, ẹ fi wáyà rírọ̀ tó nípọn bíi tàtijọ́ gùn ún, kí ojú ìsopọ̀ bọ́ sínú ilẹ̀kùn tàbí sínú òpó ara ọkọ̀, kó má wà nínú rọ́bà níbi tó ti ń tẹ̀. Ẹ jó o ní léèdì, ẹ fi ike tó máa ń súnkì tó bá rí ooru bò ó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa ṣe é, tẹ́ ẹ bá gé márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà àwọ̀ wọn á dàrú mọ́ yín lójú. Tó bá ti jẹrà púpọ̀, ẹ wá odidi ìdì wáyà ilẹ̀kùn lára ọkọ̀ tí wọ́n ti ń tú tà. Peugeot Boxer àti Citroën Relay, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n pẹ̀lú Ducato, ní Atessa ní Ítálì ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n, torí náà ẹ wo tiwọn náà, kẹ́ ẹ sáà fi ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wéra kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ bátìrì, kíá. Méjì ló wà nínú ọkọ̀ yín, ti ẹ́ńjìnnì àti ti ilé, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ ń sùn, ti ẹ́ńjìnnì ni lọ́ọ̀kì ń jẹ. Nínú ọ̀pọ̀ motorhome, iná tẹ́ ẹ ń kì bọ̀ ọ́ nígbà tó bá wà lórí ìdúró, bátìrì ilé nìkan ló ń ṣájì, ti ẹ́ńjìnnì á wá máa kú lọ jẹ́jẹ́ lásìkò òtútù. Ẹ wọ̀n ọ́n, 12.6 volt dáa, tó bá ti ń lọ sí 12, ebi ń pa á.

Ilẹ̀kùn ilé yẹn, Fiat kọ́ ló ṣe é o. Fiat ta orí ọkọ̀ àtẹsẹ̀ ẹ̀, àwọn ẹlòmíì ló kọ́ ilé lé e, tí wọ́n bá fẹ́ kí rímóòtù máa ti ilẹ̀kùn ilé náà, wọ́n á lọ fà lára wáyà lọ́ọ̀kì iwájú. Ohun tí wọ́n sábà fi ń fà á ni kílíìpù oníke búlúù kékeré kan tó máa ń bu wáyà jẹ dé kọ́pà, ọ̀lẹ ló ń lò ó, mo ti sọ ọ́. Omi á wọ̀ ọ́, á dípẹtà. Ẹ tọ wáyà láti ilẹ̀kùn náà wá síwájú, lábẹ́ àtẹ̀gùn àti lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ẹ́ bá a níbẹ̀. Ẹ yọ ọ́ dànù kẹ́ ẹ jó wáyà ẹ̀ ní léèdì, kẹ́ ẹ yẹ fíùsì ẹ̀ wò.

Ìbéèrè: Ọ̀gá Ríwáyà, Sienna ni mo ń wà n'Íbàdàn. Ilẹ̀kùn iwájú kan, tí mo bá tẹ rímóòtù á máa dún "kẹ́rẹ́" nínú, àmọ́ kì í tì. Ríwáyà àdúgbò fẹ́ tú gbogbo wáyà ọkọ̀. — Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ìdáhùn: Àbúrò, má jẹ́ kó tú nǹkan kan. Tó bá ti ń dún, iná ń dé ibẹ̀, a jẹ́ pé wáyà kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ fura sí. Ó jọ pé mọ́tò inú lọ́ọ̀kì ló ti rẹ̀, kò lágbára tó fi máa ti nǹkan. Èmi náà ti ṣe òdìkejì àṣìṣe yìí rí, mo pààrọ̀ lọ́ọ̀kì tokunbo méjì fún oníbàárà kan láìmọ̀ pé wáyà ló já, ojú tì mí débi pé mi ò gbowó iṣẹ́. Tó o bá lọ ra lọ́ọ̀kì ní Gate, ní kí ẹni tó ń tà á fi bátìrì 12 volt dán an wò lójú ẹ, kó kàn fi wáyà kàn án fẹ́ẹ́ kó yọ ọ́, kó wá yí wáyà padà. Tó bá fò dáadáa lọ, tó fò dáadáa bọ̀, sanwó. Tó bá ń fà, gbé e padà fún un.

Ìbéèrè: Rímóòtù mi ò gbọ́ mọ́ àfi tí mo bá fẹ́ẹ̀ẹ́ fẹnu kan ọkọ̀. — Bàbá Àgbà, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ẹ káàárọ̀ sà. Bátìrì inú rímóòtù ni. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀, CR2032 ló wọ́pọ̀: 20 ni fífẹ̀ ẹ̀ ní mìlímítà, 32 ni nínípọn ẹ̀, ìyẹn mìlímítà 3.2. Wọ́n lè fẹ́ ta CR2025 fún yín pé ìkan náà ni, 3 volt lòun náà lóòótọ́, àmọ́ ó tín-ín-rín jù ú lọ, á máa mì nínú ilé ẹ̀, ẹ ẹ́ tún kọ̀wé sí mi.