Okùn tó ń fa típà, ṣé ó lè gbani lórí àpáta?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Yábàá ni mò ń gbé. Lóṣù Keje, mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Wyoming, Amẹ́ríkà. Ó ní òun á mú mi gun Pingora, pé òkè náà rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, torí 5.6 ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn nọ́mbà tí àwọn agunkè Amẹ́ríkà fi ń sọ bí àpáta ṣe le tó láti gùn. Kí n má baà náwó rẹpẹtẹ lọ́hùn-ún, mo ti ra okùn mítà 60 ní Èbúté Èrò. Ẹni tó tà á fún mi ní ó ń fa típà. Irú kókó wo ni kí n máa ta sí i?

ÌDÁHÙN: Ọ̀rọ̀ kókó kọ́ ló kàn, àbúrò. Okùn yẹn kò gbọdọ̀ bá ọ wọ bàálù. Ẹni kẹta nìyí lóṣù yìí tó máa bi mí nípa okùn tó ń fa típà, ó sì ti sú mi.

Ara ilé gíga ní Marínà ni èmi ti ń jẹun. Orí okùn ni mo máa ń wà tí mo bá ń fọ gíláàsì, tí mo bá ń tún ògiri ṣe. Mi ò bá okùn tó lágbára ṣọ̀tá. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé ẹ rò pé agbára nìkan là ń wá lára okùn.

Wo danfo tó bàjẹ́ lórí Third Mainland. Ẹni tó fẹ́ fà á kì í já lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Á rọra yí táyà títí okùn á fi le, kó tó wá tẹná. Bó bá já lọ lójijì, yálà kí okùn já, tàbí kí bọ́ńpà tú dání. Okùn kan náà, mọ́tò kan náà. Òjijì ló ṣe é.

Òjijì gan-an sì ni ìṣubú. Nínú irú ìgunkè tí wọ́n ń pè ní trad, kò sẹ́ni tó kan irin mọ́ àpáta dè ọ́. Ẹni tó ṣáájú ló ń ki nọ́ọ̀tì bọ inú pàlàpálá àpáta bó ṣe ń gòkè, ìyẹn irin kékeré tí wọ́n so mọ́ wáyà, á sì fi okùn kọ́ ọ. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń yọ ọ́. (Nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ lásán làwọn agunkè Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀, orúkọ ọ̀hún kò sì kúrò lára rẹ̀.) Bí o bá fi mítà 3 ga ju nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn lọ, tí ẹsẹ̀ rẹ wá yọ̀, ó kéré tán, wàá já wálẹ̀ ní mítà 6. Bí okùn kò bá fà bíi rọ́bà, gbogbo ìjá yẹn máa balẹ̀ sí ìbàdí rẹ àti sí nọ́ọ̀tì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Okùn lè má já o. Nọ́ọ̀tì á yọ, tàbí kí ẹ̀yìn rẹ kán.

Náílọ́ọ̀nù ni ojúlówó okùn ìgunkè, wọ́n sì dìídì ṣe é kó máa fà ni. Kí wọ́n tó lè kọ EN 892, ìyẹn ìlànà Yúróòpù fún okùn ìgunkè, sí i lára, wọ́n á fi ẹrù kílò 80 já sílẹ̀ lórí rẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀marùn-ún láìjẹ́ pé ó já, ipá tó sì dé ara ẹrù náà nígbà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ kọjá kilonewton 12, ìyẹn bí ìwúwo nǹkan tó tó kílò 1,200. Tìrẹ ń kọ́? Ọ̀pọ̀ nínú okùn aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń tà lọ́jà, polypropylene ni. Ó ń léfòó lómi, ó dára fún ọkọ̀ ojú omi, àmọ́ oòrùn ń jẹ ẹ́, ó sì tètè ń yọ́ ju náílọ́ọ̀nù lọ bó bá gbóná. Kódà okùn tí èmi fi ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ ojúlówó, mi ò ní fi ṣáájú gun àpáta, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ fà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní adẹ́mu ń fi igbà gun ọ̀pẹ, igbà kì í sì í fà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n adẹ́mu ti fẹ̀yìn ti igbà rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Okùn ti le kó tó gbésẹ̀, kò sí àlàfo tó máa já gbà.

Má sì sá lọ ra tòkunbọ̀ o. Ásíìdì bátìrì ń ba náílọ́ọ̀nù jẹ́ láìjẹ́ pé ojú rí i, o ò sì mọ inú búùtù ẹni tí okùn náà ti sùn.

Ní ti 5.6, bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe máa rí ibi dì mú ló ń sọ. Kò ka òjò àti mànàmáná ọ̀sán mọ́ ọn. Kò mọ̀ pé ọmọ Yábàá, tó ń gbé nítòsí ọ̀sà, fẹ́ lọ mí lókè tó lé ní mítà 3,600, níbi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́. Bi ẹ̀gbọ́n rẹ bóyá ó ti ṣáájú ẹlòmíì gun trad rí. Bí kò bá tíì ṣe é, ẹ háyà afinimọ̀nà tó ní ìwé ẹ̀rí. Òun ló máa mú okùn wá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o máa bọ̀. Òkè ni okùn ti ń di ẹni ẹ̀yìn mú, torí náà ìjá rẹ̀ kì í sábà gùn. Mi ò rí àpáta náà, mi ò rí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, ìwé tí mo kọ yìí ò sì lè rọ́pò olùkọ́ tó dúró tì ọ́.

Kókó tí o béèrè, figure eight ni wọ́n ń pè é, torí ó rí bí nọ́mbà 8. Afinimọ̀nà á kọ́ ọ, á sì yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹsẹ̀ rẹ tó kúrò nílẹ̀.

Okùn Èbúté Èrò yẹn, fi sá aṣọ. Mítà 60 á tó gbogbo ará ilé.